Bí fásitì Ọ̀ṣun ṣe di ti ìlú mẹ́fà
Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Òṣogbo di olú-ìlú, àmọ́ ìpínlẹ̀ tuntun náà kò ní fásitì kankan tó lè pè ní tirẹ̀ nìkan. Ti Ifẹ̀ wà nílé lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. LAUTECH, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, ni Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ jọ ni nígbà náà: ọgbà ńlá rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Owó ìtọ́jú rẹ̀ sì di ohun tí ìjọba méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọdún pípẹ́.

Gómìnà Ọlágúnsóyè Oyinlọlá ló gbé UNIOSUN, fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kalẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2006 ni NUC, àjọ tó ń ṣe kòkárí àwọn fásitì, fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Akínrìnádé ni gíwá àkọ́kọ́, ọdún 2007 sì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan. Ẹkùn ìdìbò sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ló wà ní Ọ̀ṣun, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgbà méjì. Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo ni olú-ọgbà, níbi tí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìlera wà. Ìṣàkóso okòwò lọ sí Òkukù, èdè àti àṣà lọ sí Ìkirè. Òfin wà ní Ifẹ̀tẹ̀dó, iṣẹ́ olùkọ́ wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Èjìgbò.

Àwọn kan ní òṣèlú ni pínpín tí wọ́n pín in sí ìlú mẹ́fà yìí. Òṣèlú wà níbẹ̀, Òkukù ṣáà ni ìlú gómìnà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, èmi gbà pé ohun tó dáa ni wọ́n ṣe. Ẹ wo Èjìgbò. Láti ayé àwọn bàbá wa ni ọmọ Èjìgbò ti ń kó ẹrù lọ sí Kódìfúà, tí wọ́n ń ṣòwò ní Àbíjàn, tí ilé tí wọ́n kọ́ sílé sì ń dúró dè wọ́n. Ìgbà tí fásitì dé ni ọmọ ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé Èjìgbò, tó ń háyà yàrá, tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ. Òṣogbo ti ní ìjọba, ó ní ọjà, ó ní ojú irin. Kò yẹ kó tún gba èyí mọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìnáwó rẹ̀ kò kéré ṣá. Ibi ìkàwé ní ọ̀nà mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀nà mẹ́fà, ọ́fíìsì ní ọ̀nà mẹ́fà. Láti Ìkirè dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìpínlẹ̀ náà lèèyàn máa là já.

Ẹ̀ka ìṣègùn ni ọ̀rọ̀ ti le jù nígbà náà. Ọgbà wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tiwọn. Èyí tó wà ní Òṣogbo gan-an, ti LAUTECH ni nígbà náà. Nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpínlẹ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn UNIOSUN lọ sí ìlú Kharkiv ní Yukréènì kí wọ́n lọ parí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó ń kàwé ní Òkè-Báálẹ̀, tí ilé ìwòsàn ńlá wà nínú ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, òkè òkun ló ti lọ kọ́ bí a ṣe ń dúró ti aláìsàn.

Ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ àjọni náà parí. Ní oṣù Kọkànlá, LAUTECH di ti Ọ̀yọ́ nìkan, ilé ìwòsàn Òṣogbo sì bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá. Òun ló di Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ UNIOSUN.