Àlùmọ́gàjí Tó Gba Ẹ̀bùn Nobel, àti Ibi Tí Kò Dé

Ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá gba Ẹ̀bùn Nobel máa ń ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ nínú ọgbà. Ó kan Jennifer Doudna ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, òun àti Emmanuelle Charpentier tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin ni wọ́n jọ gbà á. Ẹ̀bùn ti kẹ́mísírì ni o, kì í ṣe ti ìṣègùn. Mo là á nítorí pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń ta oògùn rẹ̀.

Kì í ṣe oògùn ni wọ́n yẹ́ sí. Àlùmọ́gàjí ni. CRISPR-Cas9 ni wọ́n ń pè é, ara bakitéríà ni wọ́n sì ti bá a. Bí fáírọ́ọ̀sì bá kọlu bakitéríà tí kò rí i pa, bakitéríà á gé díẹ̀ lára DNA (àkọsílẹ̀ àbùdá tí ohun abẹ̀mí ń jogún) ọ̀tá náà pamọ́, bí ẹni tó fa etí aṣọ olè ya kí olè tó sá lọ. Bí ọ̀tá bá tún dé, èyí tó fi pamọ́ ni yóò fi dá a mọ̀, Cas9, tó jẹ́ ẹnu àlùmọ́gàjí náà, á sì gé e. Ohun tí àwọn obìnrin méjèèjì fi hàn lọ́dún 2012 ni pé ibi tó bá wu èèyàn lára DNA ló lè rán àlùmọ́gàjí yìí lọ.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà DNA, A di T níbì kan. Ẹ óò rò pé T yẹn ni wọ́n ń lọ tún ṣe. Rárá. Casgevy, ìtọ́jú CRISPR àkọ́kọ́ tí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2023, kò fọwọ́ kan lẹ́tà náà. Ọmọ inú oyún ní himoglobíìnì (èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀) tirẹ̀, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Lẹ́yìn ìbí ni ara ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìkókó SS kì í fi bẹ̀rẹ̀ ìrora lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ohun tó ń dá a dúró yẹn ni wọ́n gé, kí himoglobíìnì ọmọ inú oyún lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi ju ẹ̀bùn náà lọ.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n á gé e ní yàrá ìwádìí, wọ́n á fi oògùn líle, irú ti jẹjẹrẹ, fọ mùdùnmúdùn egungun aláìsàn mọ́, kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé padà sí i lára. Oògùn líle yẹn lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́, nítorí náà ẹ béèrè nípa fífi ẹyin tàbí àtọ̀ pamọ́ ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù $2.2 ni iye tí wọ́n dá lé e fún ẹnì kan.

Ìbéèrè tó ń kó mi láyà sókè ni: "Bí wọ́n bá ti wò mí sàn, ṣé mo lè fẹ́ AS?" Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni àlùmọ́gàjí mọ. Kò dé inú ẹyin obìnrin, kò dé inú àtọ̀ ọkùnrin. SS tí ara rẹ̀ ti le yóò ṣì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní S kan. Bí ẹnì kejì bá jẹ́ AS, ewu SS jẹ́ 50 nínú 100 fún oyún kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, ìkejì ti bọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ AA, AS ni gbogbo ọmọ. Mo máa ń bá ẹni tí ìrora ti fi sílẹ̀ yọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà mo máa ń ní kó mú ìwé àyẹ̀wò ẹnì kejì wá.