Stator coil ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi: kọ́ìlì wo ló jó gan-an?

Tẹ́ ẹ bá ti dúró ní jẹ́tì Ìpakodò tàbí Bayeku lápá Ìkòròdú wa níbí rí, ẹ á ti gbọ́ ọ, wọ́n á fa okùn ẹ́ńjìnnì títí apá á fi máa ro wọ́n, kò ní jí, ẹnìkan á wá ti ẹ̀yìn dá sí i pé kọ́ìlì ẹ̀ ti jó. Kọ́ìlì wo? Torí kì í ṣe ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

Tẹ́ ẹ bá tú flywheel, irin roboto ńlá tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, kúrò, ẹ á rí páànù roboto kan tí wọ́n fi bóòtù de àwọn kọ́ìlì mọ́. Stator nìyẹn, kì í yí. Flywheel ló ń yí, mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, bí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì kọjá ni iná ń jáde nínú wáyà, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì olókùn fi ń ṣiṣẹ́ láìní bátìrì. Charge coil ló ń gbé iná fún CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń kó iná jọ tó sì ń tú u sílẹ̀ lásìkò, iná yẹn máa ń ju 100 volt lọ o, wáyà ẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun orí. Pulser coil ló ń sọ fún CDI pé àsìkò ti tó, kó tú iná tó kó jọ sílẹ̀ fún ignition coil, ignition coil yẹn ò sí lábẹ́ flywheel rárá, òun ló ń sọ iná náà di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt tó ń ṣáná lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì. Èyí tí wáyà ẹ̀ nípọn, ti gílóòbù ni, ẹ fìyẹn sílẹ̀.

Charge coil yẹn ni mo máa ń fura sí jù. Wáyà tín-ín-rín, ooru, omi ọ̀sà tó máa ń níyọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí ló kù? Ó tún lẹ́tàn. Ẹ́ńjìnnì á jí dáadáa láàárọ̀, ẹ dé àárín omi ó kú, tó bá tutù tán ó tún jí, wọ́n á ní epo ló dọ̀tí. Ó lè jẹ́ epo lóòótọ́, àmọ́ wáyà tó ti já nínú tún máa ń fara kanra tó bá tutù, ooru á wá yà wọ́n. Torí náà ìgbà tó bá ṣì gbóná ni kẹ́ ẹ wò ó bóyá pọ́lọ́ọ̀gì ń ṣáná, ẹ jìnnà sí epo o.

Kẹ́ ẹ tó tú ńkankan, ẹ yọ wáyà suwíìṣì tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì kúrò lára CDI. Tí iná bá dé, suwíìṣì ló bàjẹ́, kọ́ìlì ò mọwọ́mẹsẹ̀. Tí kò bá dé, ẹ gbé mítà. Charge coil sábà máa ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó), iye gan-an wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Tí mítà ò bá ka ńkankan, wáyà ti já. Tó bá kéré gan-an, ó ti kanra nínú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìwọ̀nba wáyà díẹ̀ ló kanra, ohm lè má fi hàn, àfi kéèyàn fi mítà tó ń ka peak volt, ìyẹn ibi tí volt ga dé jù, wò ó bí wọ́n ṣe ń fa okùn.

Tó bá wá di rewind, ìyẹn kí wọ́n ká wáyà tuntun sí kọ́ìlì tó jó, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn tó ń rewind fáànù àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀, wọ́n sì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n tí irú wáyà yẹn ò bá sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi èyí tó nípọn díẹ̀ ká a. Kò ní gba iye ìyípo tó yẹ mọ́, volt á kéré, ẹ á wá máa fa okùn bí ẹni ń fa àwọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n ka iye ìyípo ti àtijọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u, kí wọ́n wọn wáyà ẹ̀, kí wọ́n ká a sí apá tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ ní fánísì kó sì gbẹ dénú.

Flywheel yẹn ńkọ́, puller, irinṣẹ́ tó ń fà á yọ, ni wọ́n fi ń yọ ọ́, kì í ṣe òòlù, mágínẹ́ẹ̀tì máa ń fọ́. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, ẹ wò ó pé kò ha kọ́ìlì, kẹ́ ẹ so ọkọ̀ mọ́ jẹ́tì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú omi títí á fi gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ tó kó èrò.