Ṣọ́ọ̀bù ìyá yín lè di ilé àdìrẹ, àmọ́ ilẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ bá

Àwọn tó ń wá bá mi ní Abẹ́òkúta pé àwọn fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wọn ti ń ta wàrà àti ṣúgà di ibi iṣẹ́ àdìrẹ, ọ̀dà àti pátákó orúkọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ìyẹn tì ná. Ẹ pọn omi garawa kan, ẹ dà á sí àárín ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ dúró wò ó. Ibi tó bá dá rogún sí, ibẹ̀ lowó ń lọ.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọjà títà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àwa aláró sì rèé, omi ni iṣẹ́ wa látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, mo fojú fo ilẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí omi aró fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó pa ẹsẹ̀ ògiri aládùúgbò mi láró. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún ògiri wọn kùn, mo sì tún san owó bíríkìlà tí mo ti ń sá fún. Ẹ ní kó da ilẹ̀ náà kó rọra dà gẹ̀rẹ́ sí igun kan, bí ínṣì 1 ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí páìpù gbé omi láti igun yẹn lọ sí sọkawé, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí, tó jìnnà sí kànga. Ẹ má darí rẹ̀ sí gọ́tà àdúgbò. Sódà wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tó ń jó ara tí a ń pò mọ́ aró.

Kí òòlù tó kan ògiri, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín jókòó. Lábẹ́ àṣà wa, ẹni tó fowó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí ẹ̀ di onílé. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀.

Atẹ́gùn ló kàn. Nítorí olè, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àtijọ́ ní. Búlọ́ọ̀kù oníhò díẹ̀ lókè ògiri ẹ̀yìn kò wọ́n, ó sì tó. Bí ẹ bá ní ẹ̀yìnkùlé, páànù mélòó kan lórí òpó mẹ́rin ni kí ẹ ti máa rẹ aṣọ, kí inú ilé wà fún oníko, ìyẹn aṣọ tí a ń fi okùn dì kí a tó rẹ ẹ́, àti títẹ àbẹ́là, ìda tí a ń yọ́ tẹ̀ sára aṣọ. Ẹ má gbé àbẹ́là lé iná tààrà: ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá tó ní omi ni. Bó bá gbiná, ẹ dé e pa. Ẹni tó bá da omi sí i, iná náà á fò mọ́ ọn. Sódà là ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà, ẹ má sì lo abọ́ alumíníọ̀mù. Kí háídírò, kẹ́míkà kejì tí a ń pò mọ́ aró, wà nínú ike tó dé pinpin, lórí pákó gíga, torí bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ má ra tábìlì. Kóńtà ìyá mi ni mo ń lò dòní. Káfíńtà fi igi kún ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè tó mi níbàdí, mo tẹ́ fóòmù lé e, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gígùn rẹ̀, ọ̀pá aṣọ márùn-ún ń gba orí rẹ̀ kọjá, bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń ká a. Ihò tí ìyá mi ń ju kọ́bọ̀ sí ṣì wà létí rẹ̀. Káfíńtà fẹ́ dí i, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì mi ń dúró sí.