Mirecourt

Mirecourt jẹ́ ìlú kékeré kan ní ẹkùn Vosges, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Etí odò Madon ni ó wà, kò sì jìnnà sí ìlú Épinal. Àwọn olùgbé rẹ̀ tó nǹkan bí 5,000. Iṣẹ́ ọwọ́ méjì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti ayé àtijọ́: léèsì tí àwọn obìnrin ń fọwọ́ ṣe, àti fáyólìn.

Láti nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún 16 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17, nígbà tí àwọn dúùkù (olóyè tó ń jọba) Lorraine, agbègbè tí ìlú náà wà, ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, ni iṣẹ́ fáyólìn ti fìdí múlẹ̀ ní Mirecourt. Ní 1732, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ gba ìwé òfin ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí Lorraine fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní 1766, iṣẹ́ náà ti di iṣẹ́ ìdílé, tí bàbá ń kọ́ ọmọ, tí ọmọ náà sì ń kọ́ tirẹ̀.

Igi méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí. Sípúrúùsì, igi fífúyẹ́ tí ń hù lórí òkè tútù, ni wọ́n fi ń ṣe ojú fáyólìn. Mépù tó le jù ú lọ ni ti ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn. Oníṣẹ́ á gbẹ́ ojú náà, á wá fi ìfági kékeré, tí òmíràn kò ju àtàǹpàkò lọ, fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí mìlímítà 3. Gọ́ọ̀mù tí a fi awọ ẹran sè ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, torí ó ṣeé tú lọ́jọ́ tí àtúnṣe bá dé. Ọ̀pá tín-ínrín kan tún wà nínú fáyólìn, tí kò sanra tó pẹ́ńsùlù, tí ó dúró láàárín ojú àti ẹ̀yìn. Kò sí gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ rárá. Ojú ihò fáyólìn ni wọ́n ti ń tì í wọlé, bí ojú àti ẹ̀yìn ṣe há a mọ́ra ló sì ń mú un dúró. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, ohùn yí padà nìyẹn. “Âme” ni àwọn Faransé ń pè é, ìyẹn “ẹ̀mí”, orúkọ náà sì bá a mu gan-an.

Ọmọ Mirecourt tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Jean-Baptiste Vuillaume (1798–1875). Ní 1818 ló kó lọ sí Paris, níbi tí iṣẹ́ tó jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ju 3,000 lọ. Òun náà ló ra “Messiah” ní 1855, fáyólìn tí Stradivari (tàbí Stradivarius), ọ̀gá oníṣẹ́ fáyólìn ará Ítálì, ṣe ní 1716. Dominique Peccatte àti Eugène Sartory, tí àwọn olórin ṣì ń du ọrun fáyólìn (ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á) tí wọ́n ṣe, ọmọ ìlú náà ni wọ́n. Paris ló gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n Mirecourt ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Jérôme Thibouville-Lamy àti Laberte dìde nílùú náà, wọ́n sì ń ta fáyólìn olówó pọ́ọ́kú káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé orúkọ Stradivarius kiri, kì í ṣe ti Mirecourt. Èyí bu orúkọ ìlú náà kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fáyólìn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lè rí fi kọ́ orin. Ogun àgbáyé méjèèjì àti ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930 sọ iṣẹ́ náà di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti kógbá sílé.

Étienne Vatelot, ọ̀gá oníṣẹ́ fáyólìn ní Paris tí òun náà kọ́ṣẹ́ ní Mirecourt, kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parẹ́. Akitiyan rẹ̀ ló mú kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún iṣẹ́ fáyólìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1970. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà fún fáyólìn àti ọrun rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1973. Orúkọ Jean-Baptiste Vuillaume ni ilé-ìwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà ń jẹ́.