Àwọ̀ ẹyẹ lára òwú: ṣé ìyẹ́ ni wọ́n sè?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń hun súwẹ́tà ọmọ ìkókó gbé òwú kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù wá. Irun àgùntàn ni, gíráàmù 100, ọwọ́ ni wọ́n sì fi pa á láró. Orúkọ ẹyẹ ni wọ́n kọ sára bébà rẹ̀: ẹyẹ apẹja kékeré kan tó máa ń wà létí odò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù tó ń dán yanran, tí àyà rẹ̀ sì pọ́n bí epo tuntun. Àwọn ìbéèrè tó bi mí nìyí.

Ṣé wọ́n pa ẹyẹ náà, tí wọ́n sè é, kí wọ́n tó rí àwọ̀ yìí ni?

Rárá o. Bí wọ́n tiẹ̀ sè é dọ̀la, búlúù ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní jáde, torí kò sí aró búlúù nínú ìyẹ́ náà. Bí inú ìyẹ́ ṣe rí, níbi tí ojú lásán ò lè rí, ló ń dá búlúù inú ìmọ́lẹ̀ padà sí wa lójú. Ẹ lọ irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ kúná, búlúù á pòórá.

Bákan náà ni agbe tiwa. A máa ń sọ pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n bí aláró Abẹ́òkúta bá kó ìyẹ́ agbe sínú ìkòkò, kò lè rí aró kankan pa aṣọ. Àlùkò ló yàtọ̀. Pupa tó máa ń hàn nínú apá rẹ̀ bó bá ń fò jẹ́ àwọ̀ gidi, bàbà sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1869 ni Arthur Church, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Irú omi eérú tí àwọn aláró wa ń sẹ́ sí ẹ̀lú lè yọ pupa yẹn kúrò lára ìyẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí dọdẹ àlùkò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ojú ni wọ́n fi ń wo ẹyẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń po aró. Ìyẹ̀fun aró tí wọ́n ń tà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Wọ́n á rẹ òwú sómi, wọ́n á da búlúù sí apá kan, wọ́n á da àwọ̀ bí epo sí apá kejì, wọ́n á bu fínígà sí i, wọ́n á sì gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ hó. Ẹni tó bá rò ó bí ẹni ń ro ọkà, irun àgùntàn náà á lẹ̀ mọ́ra wọn pátápátá.

Ibi tó wù mí jù ni ìgbẹ̀yìn. Omi tó dúdú lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀, títí á fi mọ́ gaara. Òwú ti gba gbogbo aró mọ́ra nìyẹn.

Ṣé aró yìí lè mú òwú oko?

Kò ní mú un dáadáa, torí òwú oko kì í ṣe irun. Ẹ̀lú ni kí ẹ fi pa á.

Kí ló dé tí ìdì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò jọra?

Ọwọ́ ló pa wọ́n. Ẹ fi ìdì kan hun ìlà méjì, kí ẹ fi ìkejì hun ìlà méjì, ìyàtọ̀ náà ò ní hàn.

Ṣé àṣà òyìnbó ni kí aṣọ máa jórúkọ ẹyẹ?

Inú mi dùn pé ẹ bi mí. Ẹtù, aṣọ òkè aláró dúdú tó ní ìlà tín-ín-rín, orúkọ ẹyẹ ẹtù ló ń jẹ́. Sányán àtijọ́ tilẹ̀ kọjá orúkọ: inú ilé tí kòkòrò inú igbó hun fún ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀. Bí ti ìyá àgbà bá ṣì wà nínú àpótí, ẹ gbé e sí oòrùn kí ẹ wò ó. Àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, kò sí aláró tó pa á.