Kí ni «100» yẹn ń sọ? Àlàyé lórí ohun tí wọ́n wá jùlọ lórí ayélujára lọ́sẹ̀ kan

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku ọjọ́ díẹ̀, àbúrò mi kan tó ń ta àdìrẹ nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan, ó ti wọ ọgọ́rùn-ún o!" Ohun tí ó fi hàn mí ni ìlà aláwọ̀ búlúù kan tí ó ń fà nílẹ̀ láti apá òsì, tí ó sì ta sókè lójijì ní apá ọ̀tún, tí òǹkà 100 wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀. "Osun Osogbo" ni ó kọ sínú Google Trends, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó sì ní kí ó gbé jáde fún òun. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò tún sí ohun mìíràn tí ayé ń wá, ó lọ rẹ aṣọ 40 kún èyí tí ó wà nílẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, mẹ́sàn-án ni ó tà nínú wọn.

Èmi kò bá a wí, nítorí ohun tí ó ṣì í lọ́nà náà ni ó ń ṣi àwọn oníròyìn lọ́nà nígbà tí wọ́n bá kéde pé "ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wá jùlọ lọ́sẹ̀ yìí nìyí." Google Trends jẹ́ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Google gbé jáde ní ọdún 2006, tí dátà inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2004. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, kí ó yan ibi àti àkókò tí ó fẹ́, kí ó sì rí bí wíwá ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwòrán náà títí di alẹ́, a kò ní rí ibi tí wọ́n kọ iye ènìyàn tí ó wá ọ̀rọ̀ náà sí. Òǹkà tí ó wà níbẹ̀ kì í kọjá 100, kì í sì í rẹlẹ̀ ju 0 lọ. Kì í ṣe iye ènìyàn, kì í sì í ṣe pé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú ló wá nǹkan náà. Òǹkà ìfiwéra ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sí ìdí gàrí. Ká ní ìyá kan ta kóńgò 10 lọ́jọ́ Ajé, ó ta 20 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ta 40 lọ́jọ́ Ẹtì, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ yá jùlọ lọ́sẹ̀ náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lọ́nà ti Google Trends, ọjọ́ Ẹtì yóò di 100, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò di 50, ọjọ́ Ajé yóò sì di 25. Wàyí o, ká ní alágbàtà kan wà lódìkejì rẹ̀ tí ó ta kóńgò 4,000 lọ́jọ́ Ẹtì kan náà, tí ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ tí òun pẹ̀lú tà jùlọ: 100 ni wọn yóò kọ fún òun náà. Ẹni tí ó bá wo ìwé àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè mọ ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ì báà kéré, bí ó bá ṣáà ti tó èyí tí wọ́n lè ṣírò, fi ní 100 tirẹ̀ nígbà tí a bá wò ó ní òun nìkan. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè lọ kí ó má ní wákàtí kan tí ó ga jù nínú rẹ̀.

Ìṣirò kan tún wà tí ó ṣáájú èyí, òun ni ó sì máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jùlọ. Kí Google tó fi ọjọ́ kan wé òmíràn, tàbí ibì kan wé òmíràn, ó kọ́kọ́ ń fi iye gbogbo ohun yòówù tí wọ́n wá níbẹ̀ lákòókò náà pín iye ìgbà tí wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ń wọ̀n ni ìpín tí ọ̀rọ̀ náà mú nínú gbogbo ìwádìí, ìyẹn gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn wá lórí Google. Ká ní nínú gbogbo ìwádìí 1,000 tí wọ́n ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, 20 jẹ́ nípa ọdún Ọ̀ṣun, tí ó sì jẹ́ 2 péré nínú 1,000 ní Èkó. Àwòrán ilẹ̀ tí yóò jáde yóò kun Ọ̀ṣun dúdú, yóò kọ 100 sí i lára, yóò sì kọ 10 sí Èkó. Ṣùgbọ́n bí ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ní Èkó bá jẹ́ ìlọ́po 20 ti Ọ̀ṣun, iye ìgbà tí wọ́n wá ọdún Ọ̀ṣun ní Èkó yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ti Ọ̀ṣun gan-an. Oníṣòwò tí ó bá fi àwòrán náà ṣe atọ́nà lè kó ẹrù rẹ̀ sílé nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà l'Ékòó. Ní ti 0, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ó wà nílẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n lè ṣírò. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹnì kan tí ó wá a.

Wọn kì í ka gbogbo ìwádìí tán pẹ̀lú. Díẹ̀ ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀, bí ìgbà tí alásè bá da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò. Bí ẹnì kan náà bá sì ń wá ọ̀rọ̀ kan náà léraléra láàárín àkókò kúkúrú, wọ́n á yọ àtúnwá yẹn kúrò.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú rẹ̀ gan-an ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá fún àwa tí a ń kọ èdè wa láìfi àmì sí i. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ lásán, Google Trends kì í ka àkọtọ́ mìíràn mọ́ ọn, kì í sì í tún àṣìkọ ṣe fún wa. Ẹni tí ó bá wá "Osogbo" kò sí lára ẹni tí ó wá "Oshogbo," bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni, àkọtọ́ méjèèjì sì wà káàkiri orí ayélujára títí di òní. Orúkọ tí UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi kọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní àgbáyé ní ọdún 2005 ni ti àìní "h," ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ nípa iṣẹ́ ọnà ìlú wa ló jẹ́ ti "h." Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé nǹkan púpọ̀ dání. "Osun" lè jẹ́ odò, ó lè jẹ́ òrìṣà, ó lè jẹ́ ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó tẹ "Osun" sórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, tí wọ́n dìbò gómìnà, ó ṣòro kí ó jẹ́ pé odò ni ó ń wá. Ọ̀nà àbáyọ wà. Bí a bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ náà lọ, Google Trends máa ń dábàá àkòrí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá yan àkòrí dípò ọ̀rọ̀ lásán, yóò gbìyànjú láti kó gbogbo àkọtọ́ àti èdè tí ó tọ́ka sí nǹkan kan náà jọ.

Ó wá ku gbólóhùn náà fúnra rẹ̀: "ohun tí wọ́n wá jùlọ." Bí a bá ní kí a ka ohun tí wọ́n wá jùlọ ní tòótọ́, ìwé náà kò ní dùn ún kà, nítorí ohun kan náà ni yóò máa jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: Facebook, YouTube, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti àwọn tí ń kọ "Google" sínú Google. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń gbé jáde jùlọ ni èyí tí ó yára gòkè, ìyẹn èyí tí wọ́n wá ju bí wọ́n ṣe ń wá a tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún lọ́sẹ̀ tó kọjá lè gba iwájú lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń wá lójoojúmọ́. Bí ìbísí náà bá kọjá ìlọ́po 50, wọn kì í tilẹ̀ kọ òǹkà sí i mọ́, wọ́n á kàn kọ "Breakout," ìyẹn pé ó bú jáde lójijì, síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ní nǹkan kan lánàá ni ó rọrùn jùlọ fún láti di ìlọ́po 50 lónìí.

Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá rò pé èyí kò lè ṣe ibi kankan. Wọ́n dìbò láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Google Trends kéde pé láti ìgbà tí èsì ti jáde, ìbéèrè kejì tí wọ́n ń béèrè jùlọ níbẹ̀ nípa àjọ náà ni "Kí ni EU?" Ká tó wí ká tó fọ̀, ìròyìn ti gba ayé kan pé wọ́n dìbò lórí ohun tí wọn kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ipò kejì ni wọ́n kéde, wọn kò kéde iye. Ènìyàn díẹ̀ lè gbé ìbéèrè kan sí ipò kejì bí àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e kò bá pọ̀. Kò sì sí ohun tí ó fi hàn bóyá àwọn tí ó béèrè dìbò rárá, tàbí bóyá ọmọ iléèwé ni wọ́n.

Google pàápàá ti jìn sí kòtò yìí rí. Ní ọdún 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí àwọn ènìyàn ń wá díwọ̀n bí àìsàn ọ̀fìnkìn líle ṣe ń tàn kálẹ̀, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Google Flu Trends. Ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tí ó so ọdún 2012 pọ̀ mọ́ 2013 ní Amẹ́ríkà, ìdíwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn dókítà rí ní tòótọ́. Àlàyé kan tí wọ́n ṣe ni pé ìròyìn àìsàn náà ti gba afẹ́fẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ le kankan ń wá àmì àìsàn nítorí ohun tí ó gbọ́. Ní ọdún 2015, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ iye gidi, Wikipedia ni kí ó lọ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíka ojú ìwé yàtọ̀ sí wíwá ọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ síta, wọ́n sì ń gbìyànjú láti ya ti ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀rọ. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan tún ń kó ojú ìwé 25 tí wọ́n kà jùlọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń já ayédèrú dùn mọ́ mi púpọ̀: bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan, tàbí orí fóònù nìkan, ni gbogbo àwọn tí ó ka ojú ìwé kan ti wá, wọ́n á fura sí i, wọ́n á yọ ọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara kì í pa ìmọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láti padà sọ́dọ̀ àbúrò mi, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún, mo sì fi ọ̀rọ̀ kejì kún ti àkọ́kọ́. Google Trends gbà kí a fi ọ̀rọ̀ mélòó kan wé ara wọn, bí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn yóò jọ lò. "Arsenal" ni mo kọ. Ìlà búlúù tí ó rí bí òkè Olúmọ tẹ́lẹ̀ sùn gbalaja sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òǹkà rẹ̀ kò sì tó 1 ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́."

Mo yọ Arsenal kúrò, mo yan àkòrí dípò ọ̀rọ̀ lásán, mo sì yí ọ̀sẹ̀ kan padà sí ọdún márùn-ún. Òkè kékeré kan ń yọ lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ, ní ibì kan náà, bí eyín ayùn. Àwòrán yìí kò lè sọ iye aṣọ tí yóò tà fún un, ṣùgbọ́n ó sọ ìgbà tí ojú àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ yí sí ọ̀dọ̀ wa, ìgbà náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po aró. Ó ka aṣọ 31 tí ó kù, ó ká wọn sínú àpò, ó sì kọ "oṣù keje" sí ara àpò náà pẹ̀lú bírò.