Kí ni wọ́n ń pè ní "kò sí èlé" gan-an? Àlàyé lóònù iṣẹ́ abẹ fáwọn èèyàn tránsì

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lọ nígbà tí àbúrò mi tó wà ní Maryland l'Amẹ́ríkà fi àwòrán ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ò ju pé "Àǹtí mi, ẹ bá mi wo eléyìí, wọ́n ní kò sí èlé fún oṣù 12." NEPA ti mú iná lọ, mo ti fẹ́ sùn. Mo fi ìka fẹ àwòrán yẹn títí lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ fi hàn, ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ méjì tó gbé mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì: deferred interest, ìyẹn èlé tí wọ́n dá dúró dọjọ́ iwájú.

Èmi ni mò ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkòròdú níbí, lọ́nà Sábó, ó ti lọ́dún díẹ̀ báyìí. Ojú mi ti rí èèyàn tó yáwó ₦200,000 tó wá di pé ilé ló fẹ́ tà, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ o, wọn ò là á yé e ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí, torí àbúrò mi nìkan kọ́ ló wà lójú ọ̀nà yìí.

Kí n yára sọ iṣẹ́ abẹ tí mò ń wí. Ẹni tí wọ́n bí, tí wọ́n wo ara ẹ̀ tí wọ́n ní obìnrin ni, àmọ́ tó mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé ọkùnrin lòun, tàbí kó jẹ́ òdìkejì ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní tránsì. Iṣẹ́ abẹ yìí ló ń mú kí ara ẹni náà bá ẹni tó jẹ́ mu. Wọ́n lè ṣe tàyà, wọ́n lè ṣe tìsàlẹ̀, ẹlòmíì ojú ni, ẹlòmíì ò sì ní ṣe ìkankan. Tàyà ni ti àbúrò mi. Ó ti ń fi aṣọ tó le di àyà ẹ̀ mọ́lẹ̀ látọdún yìí wá, nínú ooru, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń ṣe, nígbà míì tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń wá èémí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ṣó yẹ kó ṣe é àbí kò yẹ. Àbúrò mi ni, ara ẹ̀ sì ni. Ìṣirò ni mo mọ̀, ìṣirò ni mo fẹ́ bá yín ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ìtàn òṣómàáló lẹ́nu àwọn àgbà á rántí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó máa ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tó bá dọjọ́ ìsanwó wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn ò ní dìde àfi tówó bá jáde. Bí deferred interest ṣe rí gan-an nìyẹn, èlé tó lóṣòó ni. Wọ́n sọ fún ẹ pé kò sí èlé, o sì ń wo ìwé tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lóṣooṣù lóòótọ́ tóò rí i níbẹ̀, àmọ́ látọjọ́ tí dókítà ti gbowó ló ti ń ka lójoojúmọ́. Tóo bá san gbogbo owó tán pátápátá kí oṣù 12 tó pé, á dìde, á lọ, kò sóhun tó kàn ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹ́ kù, ì báà jẹ́ dọ́là mẹ́wàá, gbogbo èlé tó ti ń ka látọjọ́ kìíní ni wọ́n máa dà lé ẹ lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ká ní $6,000 ni, èlé ẹ̀ 26.99% lọ́dún, ó sì ń san $450 lóṣù láì yẹ̀. Tí oṣù 12 bá pé ó ti san $5,400, ó ku $600. Ojú ẹni tó ń san á balẹ̀, á ní kí ni $600, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmọ́ èlé tó ti ń ka látẹ̀yìn wá ti lé ní $950, torí náà ohun tó jẹ báyìí ti kọjá $1,550, èlé tuntun á sì tún máa gùn ún. Tó bá jẹ́ pé 0% tòótọ́ ni wọ́n fún un ni, orí $600 yẹn nìkan ni èlé á ti bẹ̀rẹ̀, kò ní ju bíi $13 lóṣù àkọ́kọ́. Oníbàárà kan náà, owó kan náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà nínú ìwé ló yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún náà ni "if". Tóo bá ti rí "no interest if paid in full", ìyẹn kò sí èlé tóo bá san gbogbo ẹ̀ tán, deferred ni. Tó bá jẹ́ "0% APR" ni wọ́n kọ (APR ni iye èlé lọ́dún), tí kò sí "if" lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn sàn. Kóo tún ṣọ́ iye tó kéré jù tí wọ́n ní kóo máa san lóṣù, torí ọ̀pọ̀ ìgbà iye yẹn ò lè san gbèsè náà tán láàárín àkókò tí wọ́n dá. Ìwọ fúnra ẹ ni kóo pín in: $6,000 sọ́nà 12, $500 nìyẹn, kóo sì jẹ́ kó tán ní oṣù kọkànlá kó má lọ jẹ́ pé báǹkì pẹ́ kọ́wó tó dé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun o. Ní 2013, CFPB, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà l'Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí CareCredit tó ń fáwọn èèyàn ní káàdì ìwòsàn dá owó tó lè tó mílíọ̀nù $34.1 padà fáwọn oníbàárà, torí wọn ò ṣàlàyé èlé yìí yé wọn dáadáa nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé. Lọ́dún 2023 àjọ yẹn kan náà tún sọ pé láàárín 2018 sí 2020, bílíọ̀nù dọ́là kan làwọn èèyàn san fún irú èlé tó lóṣòó yìí nìkan. Ẹ tún wo ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀: kì í ṣe báǹkì ló ń ṣàlàyé fún ẹ, ọmọbìnrin tó jókòó sí kántà dókítà ni, òun náà ò kọ́ ẹ̀kọ́ owó, ìwọ náà sì ti ń ro iṣẹ́ abẹ, ọkàn ẹ ò sí nílé.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí mi ò tíì rí kẹ́ni kankan sọ fún àbúrò mi, ni pé ara náà ní kàlẹ́ńdà tiẹ̀, kàlẹ́ńdà ara àti ti gbèsè kì í sábà bára mu. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, ó ń gbé àwọn àgbàlagbà láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àyà, kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà míì á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òmíì mẹ́fà. Òfin FMLA tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1993 lè fún un ní ìsinmi tó tó ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá ti lo ọdún kan níbi iṣẹ́ tí ibẹ̀ sì tóbi tó, àmọ́ òfin yẹn ò ní kí wọ́n sanwó fún un. $500 ò ní sinmi ní tiẹ̀. Tìsàlẹ̀ tún wá le jùyẹn lọ, torí àwọn míì ní láti kọ́kọ́ lo oṣù púpọ̀ kí wọ́n fi mú irun ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, àwọn tó ń ṣe tọkùnrin sì sábà máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ti kejì tó dé oṣù 12 ti pé. Torí náà kóo tó yáwó, kọ owó tí oò ní rí gbà nígbà tóo bá dùbúlẹ̀ mọ́ iye iṣẹ́ abẹ, owó ọkọ̀, owó ilé tóo máa dé sí tí dókítà bá jìnnà, oògùn, oúnjẹ. Má sì jẹ́ kí wọ́n gbé owó jáde kí wọ́n tó fún ẹ lọ́jọ́ tó dájú. Béèrè pé tí dókítà bá yẹ ọjọ́ ńkọ́, ṣé owó àsansílẹ̀ á padà wá, ṣé èlé á dúró?

Àwọn ọ̀nà míì wà. Àwọn dókítà kan máa ń jẹ́ kóo san díẹ̀díẹ̀ fún àwọn fúnra wọn, àmọ́ kó tán kí ọ̀bẹ tó kan ara ẹ, ìyẹn ò yàtọ̀ sí àjọ tí alájọ ń gbà nílé wa. Lóònù lásán wà, tóo máa mọ iye oṣù àti iye èlé látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kóo wò ó bóyá wọ́n á yọ owó kan lórí ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹ: tí wọ́n bá yọ 5% nínú $6,000, $5,700 lo máa rí, orí $6,000 lèlé wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti credit union, alájẹṣẹ́kù tiwọn nìyẹn, àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ gbà ju 18% lọ lórí ọ̀pọ̀ lóònù wọn.

Kí gbogbo ìyẹn tó wáyé, ínṣúránsì ni kóo kọ́kọ́ kàn sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ yáwó nígbà tó jẹ́ pé ínṣúránsì ibi iṣẹ́ wọn lè san án, tàbí wọ́n kọ̀ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Òfin jẹ́ kóo pẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá tún kọ̀, kóo ní kẹ́lòmíì tí kì í ṣe ara wọn gbé e yẹ̀ wò. Nígbà míì lẹ́tà kan péré ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ fẹ́ yáwó níbí láti fi ran ẹnì yín lọ́wọ́, ẹ fara balẹ̀. Tí wọ́n bá ní "3% lóṣù" lórí ₦600,000 fún oṣù 12, ẹ béèrè bóyá orí ojú owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbé e lé ní gbogbo oṣù. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ₦68,000 lẹ máa san lóṣù, ₦216,000 lèlé, nígbà tẹ́ ẹ sì ti dá ìdajì owó wọn padà ẹ ṣì ń san èlé gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dáadáa, ó lé ní 5% lóṣù. Sọ̀gúndogójì ló ń lọ yẹn.

Ti áàpù orí fóònù ló ń bà mí lẹ́rù jù. A mọ àwọn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ẹni tó jẹ wọ́n. Láti 2023 Google ti ní kí áàpù lóònù má wo nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù mọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n bá fi línkì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ta ló ń ṣọ́ ọ? Fún ẹlòmíì ìtìjú lásán ni. Fún ẹni tó jẹ́ tránsì tí bàbá ẹ̀, pásítọ̀ ẹ̀ àti onílé ẹ̀ ò tíì mọ̀, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ṣe síbẹ̀, ẹ má tiẹ̀ gbà á rárá.

Mo pe àbúrò mi lóru yẹn, mo ní kó má fọwọ́ sí i. A jọ ṣírò ẹ̀ lórí fóònù títí aago kan fi lù. Lẹ́tà ínṣúránsì ló kọ́kọ́ lọ, ó ṣì ń retí èsì. Tí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, credit union ibẹ̀ ní àwọn á fún un ní $6,000 ní 12% fún oṣù 24, $282 àti sẹ́ńtì díẹ̀ lóṣù, èlé gbogbo ẹ̀ ò tó $780, kò sì sí "if" kankan nínú ẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹgbẹ́, lábẹ́ orúkọ ìyá ẹlẹ́ja tó yáwó ra firísà, mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ kí n lè pa á rẹ́ tí ínṣúránsì bá dáhùn.